Owó Àyẹ̀wò Ilé: Àyẹ̀wò Ló Yẹ Kó Rà

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé n'Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Agbowó tàbí Challenge, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ píláànù lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, owó sì ni. Kò sẹ́ni tó ní kí ìjọba má gbowó. Àmọ́ owó tí wọ́n bá pè ní ti àyẹ̀wò, àfi kí òṣìṣẹ́ wá wo ihò ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré sí i, kó tún wá wo irin òrùlé àkọ́kọ́. Wolé-wolé ayé ọjọ́sí kì í dúró kí ibà pa ará ilé kó tó wá wo tanwíjí nínú ìkòkò omi. Ọ̀dà pupa tí wọ́n ń fi kọ X sára ògiri lẹ́yìn tí onílé ti kanlé tán, ìjìyà nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ogunpa ya lọ́dún 1980. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún pa èèyàn tó lé ní 100. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìjọba Ajímọ̀bí ń wó ilé etí odò. Ta ló yẹ wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń fa ìpìlẹ̀ wọn?

Ó yẹ kí ìjọba lẹ iye owó mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ọ́fíìsì píláànù, kí báńkì máa gbà á, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí olùbẹ̀wò yóò dé sára rìsíìtì.