Igba Ojú Tí Ń Tọ́ Ọmọ

Nígbà tí àwọn baba wa bá fẹ́ fi yé abiyamọ pé ọmọ tí ó gbé pọ̀n kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, wọn a ní, "Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ." Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró wò ó mọ́, ọ̀pọ̀ gbà pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju kí ará àdúgbò bá ọlọ́mọ na ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣìwà hù. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó pa òwe náà kò mẹ́nu ba ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mẹ́nu ba pàṣán. Ojú ni ó dárúkọ, ojú náà ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Nàìjíríà láti ọdún 1964, àwọn ọmọ ilé-ìwé Àkúrẹ́ Olóyèmẹ̀kùn a wọ aṣọ tí a ti fọ̀ tí a sì ti lọ̀ láti àná, ìbọ̀sẹ̀ wọn a funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, wọn a sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti yan kọjá níwájú àwọn aláṣẹ. Olùkọ́ ti kìlọ̀ fún wọn pé iwájú gangan ni kí wọ́n máa wò. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti dé ọ̀kánkán ibi tí èrò jókòó sí, ẹyinjú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Wọ́n ń wá ojú kan. Ọmọ tí ó bá rí ìyá rẹ̀ láàárín èrò a na ọrùn, a gbé àyà síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì tún le sí i. Èyí tí kò bá rí ẹni tirẹ̀ yóò yan dé òpin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ohun kan náà ni à ń rí nínú ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìkórè àwọn ọmọdé, nígbà tí a bá gbé ọmọ ọdún márùn-ún dúró síwájú ìjọ pé kí ó ka àkọ́sórí rẹ̀, tí ó sì sọ gbólóhùn méjì tán, tí ẹ̀kẹta sá mọ́ ọn lórí. Ìyá rẹ̀ a máa mi ètè láìmú ohùn jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa ṣẹ́jú sí i, ìyá arúgbó kan tí kò mọ ilé tí ọmọ náà ti wá a sì wí pé, "Rọra sọ ọ́, ọmọ mi". Kí a tó mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti padà sí i lẹ́nu, ilé a sì hó yè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti wálímà, nígbà tí ọmọ ilé-kéú bá jókòó nínú aṣọ funfun, tí láwàní wà lórí rẹ̀, tí àáfà sì ní kí ó ka Kùránì sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí. Èmi kò mọ ẹ̀kọ́ tí ó ju èyí lọ tí a lè fún ọmọ: pé ó kọsẹ̀ lójú igba ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó fi í rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojú tí ó pọ̀ ni ojú rere nígbà gbogbo. Àwọn ará Oǹdó mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí orí ọmọ ni ìlú wọn dúró lé. Ìtàn wọn sọ pé olorì kan bí ìbejì ní ayé tí a ka ìbejì sí èèmọ̀, ọba tí ó bí wọn kígbe pé ohun àìrírí ni, a sì lé ìyá àti ọmọ jáde sínú igbó. Nínú igbe ọba yẹn ni wọ́n ní Òṣemàwé, orúkọ oyè ọba Oǹdó, ti ṣẹ́ yọ, Púpùpú, obìnrin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a lé náà, ni ó sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ka ojú wọ̀nyẹn. Méjì nínú mẹ́rin tí ó bí wọn ti yí kúrò lára wọn. Igba ojú ààfin ti di ojú ìkórìíra. Ìwọ̀nba àwọn tí ó bá wọn wọ igbó ni ó ṣọ́ wọn, tí ó tọ́ wọn, títí ìlú fi ti ara wọn jáde.

Kò yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé ìlú tí ọmọ tí a lé dá sílẹ̀ kò fi ẹ̀kọ́ ọmọ ṣeré: láti ọdún 1919 ni Ondo Boys' High School ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ Canon M. C. Adéyẹmí, ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Oǹdó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti ní gbogbo ẹkùn náà, iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ní ọdún yẹn sì ju 800,000 lọ. Àgàn san owó orí tirẹ̀ sí i. Àgbẹ̀ kòkó tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà san tirẹ̀ pẹ̀lú. Ojú wọn kò tó ọmọ tí wọ́n ń tọ́, wọ́n sì tọ́ ọ.

Ohun tí ó ń dùn mí nísinsìnyí ni pé ní ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ ń sá eré àpò, tí àwọn mìíràn ń fi ẹnu gbé ṣíbí tí ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, bí ọmọ bá gbójú sókè láti wá ìyá rẹ̀, fóònù ni ó ń rí níbi tí ó yẹ kí ojú ìyá wà. Baba ti fi owó ránṣẹ́, ó sì rò pé òun ti lọ. Ilé-ìwé mìíràn tilẹ̀ wà tí ó ń bu owó aṣọ àti owó oúnjẹ lé òbí lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tálákà fi ń jókòó sílé ní ọjọ́ tí a pè ní ọjọ́ rẹ̀. Mo wí i láìfi bò: àjọyọ̀ tí ó ti ọmọ kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti ṣe ohun tí ọba ìjọ́sí ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ ní Ìjọmú àti Ìṣọ́lọ̀ ní Àkúrẹ́, ní Odòjọ̀mù àti Yàbá ní Oǹdó, nígbà tí ìwé ìpè bá tún ti ilé-ìwé wá, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ fi ìsọ̀ lé ẹnìkejì lọ́wọ́, kí ẹ sì lọ. Ẹ jókòó sí ibi tí ọmọ yóò ti rí yín, ẹ fi fóònù sí àpò. Bí ẹ bá sì rí ọmọ kan tí ń wo ọ̀tún, tí ń wo òsì, tí kò rí ẹnikẹ́ni, ẹ bi olùkọ́ léèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ fi pè é sókè, kí ó lè mọ̀ pé a rí òun.