Wọ́n Tọ́jú Àwo, Wọ́n Gé Ọfà Wẹ́wẹ́

Nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní sí ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, bàálù kan wà tó rí bí àwo ìjẹun méjì tí wọ́n dojú dé ara wọn. Avrocar ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ Avro Canada, tó wà nígbà náà ní Malton lẹ́bàá Toronto, ló kọ́ ọ fún àwọn ológun Amẹ́ríkà. Láti etí dé etí, ẹsẹ̀ bàtà 18 ni. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ń yí fáànù ńlá kan láàárín rẹ̀, atẹ́gùn tí fáànù náà bá fà mu á sì gba etí àwo náà jáde yí ká, á gbé e kúrò nílẹ̀. John Frost, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ronú rẹ̀, fẹ́ kó máa gbéra lójú kan náà láìwá pápákọ̀ òfurufú, kó sì máa sá eré 300 máìlì ní wákàtí kan.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kúrò nílẹ̀, ṣe ló máa ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún, apá awakọ̀ kò ní ká a mọ́. Eré tó lè sá kò kọjá nǹkan bí 35 máìlì ní wákàtí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Méjì péré ni wọ́n kọ́. Ọ̀kan ló wà ní Dayton yìí, èkejì wà ní Fort Eustis, ní Virginia, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwo yẹn kò fi fò, irin rẹ̀ wà níbẹ̀ láti yẹ̀ wò.

Ohun tó ń dùn mí ni pé iléeṣẹ́ kan náà, ní Malton kan náà, ló kọ́ bàálù ogun tí wọ́n sọ ní Arrow, ìyẹn ọfà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957 ni wọ́n kọ́kọ́ fà á jáde fún aráyé wò. Janusz Żurakowski, ọmọ Poland, ló kọ́kọ́ gbé e fò ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958. Èyí kò mì bí àwo yẹn. Díẹ̀ ló kù kí eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì eré tí ìró ń sá, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì Iroquois tí àwọn ará Canada ń ṣe fún un kò tíì dé inú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kejì ọdún 1959, John Diefenbaker tó jẹ́ olórí ìjọba Canada kéde pé ó parí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá òṣìṣẹ́ Avro tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà.

N kò bá Diefenbaker jà nítorí pé ó pa iṣẹ́ náà tì. Owó tó ń bá a lọ ń ga sí i, mísáìlì sì ti ń gba ipò lọ́wọ́ àwọn bàálù ajubọ́ǹbù tí wọ́n torí wọn kọ́ Arrow. Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tó. Ohun tí n kò lè gbà ni èyí tó tẹ̀ lé e. Arrow márùn-ún tó ti fò, àtàwọn tí wọn kò tíì kọ́ tán, gbogbo wọn ni àwọn wẹ́dà fi iná gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n kó lọ bí àjákù irin. Wọ́n ní kí wọ́n run àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ pẹ̀lú. Lónìí, ẹni tó bá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bàálù ní Ottawa, imú àti ibi ìjókòó awakọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ló máa rí, àti ègé díẹ̀ mìíràn. Lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà, NASA, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rìn ojú sánmà, gba àwọn kan: Jim Chamberlin lọ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú sánmà Gemini, Owen Maynard sì ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tó gbé ènìyàn sọ̀ sórí òṣùpá. Ọgbọ́n orí wọn rí ibi gbà lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò rí.

Ọkàn àwọn ará Canada kò sì kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 2018, inú adágún Ontario ni wọ́n wọ̀ lọ, tí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà kékeré tí wọ́n fi dán ìrísí Arrow wò jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán Avro ti rọra kó àwọn àwòrán kan lọ sílé rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó run wọ́n. Lọ́dún 2020, wọ́n pàtẹ wọn ní Saskatoon, nínú ilé tó ń jẹ́ orúkọ Diefenbaker fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣírí ogun ni, pé kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹ jẹ́ ká padà sí Dayton. Bàálù Tacit Blue wà níbẹ̀, tí àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ń pè ní àbùùbùtán nítorí bó ṣe sanra tí kò sì lẹ́wà. Láàárín ọdún 1982 sí 1985, ó fò nígbà 135 láti fi mọ bí bàálù ṣe lè bọ́ lójú rédà. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀ ló wọ inú bàálù ajubọ́ǹbù B-2. Àṣírí ńlá ni nígbà náà. Wọ́n gé e bí? Wọ́n tì í mọ́lé ni, títí di ọdún 1996 tí wọ́n fi hàn án fún gbogbo ayé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe tiwọn. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964 ni bàálù ogun wọn, TSR-2, kọ́kọ́ fò. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1965 ni ìjọba pa á tì. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́, èyí tó ń jẹ́ XR219 nìkan ló fò. Wọ́n gbé òun gan-an lọ sí Shoeburyness, ní Essex, wọ́n ń yìnbọn fún un láti mọ bí ọta ṣe ń ba bàálù jẹ́. Méjì tí kò fò rí ló bọ́: XR220 wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Cosford, XR222 wà ní ti Duxford. Mo dúpẹ́ pé àwọn wọ̀nyí wà. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Wolverhampton àti Birmingham, Cosford kò jìnnà sí yín, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fò parí sí.

Ìjọba tó bá fẹ́ kọ́ bàálù tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ irú rẹ̀ rí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́: bí wọ́n bá pa iṣẹ́ náà tì, odidi ọ̀kan, èyí tó fò jù, pẹ̀lú àwòrán àti àkọsílẹ̀ gbogbo ìdánwò rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ jáde kúrò ní iléeṣẹ́ kí wẹ́dà kankan tó wọlé. Bó bá jẹ́ àṣírí, kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n máa ṣí i sára ilẹ̀kùn.