Ọpọ́n Ìwẹ̀ Àwọn Ará Japan àti Omi Mẹ́ruwà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá rere tí ẹ wà ní Abuja, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè fi sábẹ́ ahọ́n.

Àṣà tuntun tí ó gbòde láàárín wa ni ọpọ́n ìwẹ̀ tí ó jìn bí ti àwọn ará Japan, tí wọ́n ń pè ní ofuro. Ọ̀kan nínú wa ṣílé ní Lugbe. Kí a tó jẹun, wọ́n ti mú wa gòkè lọ wo ọpọ́n náà. Táìlì dúdú yí i ká, ó wuni lójú. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Korobá mẹ́ta tí wọ́n pọn omi sí ni wọ́n tò síbẹ̀. Ìyá onílé, tí ó ti Òṣogbo wá, rọra sọ fún wa pé inú korobá ni òun ti ń wẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti dé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Omi tí yóò mu ènìyàn dé ọrùn tó lítà 250. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá onílítà 25 nìyẹn lọ́wọ́ mẹ́ruwà, nítorí omi tí ìjọba ń fà láti ìsédò Lower Usuma kò dé gbogbo àdúgbò. Kí ó tó gbóná dé ìwọ̀n 41, yóò jẹ tó yúnìtì iná márùn-ún. Ní 225 náírà tí wọ́n kéde fún Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó lé ní 1,000 náírà, bí iná bá wà. Lítà omi kan sì wúwo tó kílò kan: ṣé bíríkìlà yín mọ ẹrù tí ń bọ̀ lórí dẹ́kìn?

Ẹ ó ní owó ẹni ni. A kò gbà. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí kànga ẹ̀rọ yín ń fà kò mọ ìgànná.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ẹ kò tilẹ̀ kọ́ àṣà náà tán. Ará Japan kì í fi ìdọ̀tí wọ inú ọpọ́n. Ìta rẹ̀ ni yóò jókòó sí lórí àpótí kékeré, tí yóò fọṣẹ kúnra, tí yóò bu omi ṣan ara. Ìgbà tí ó bá mọ́ tán ni yóò wọ inú rẹ̀. Omi kan náà ni bàbá, ìyá àti ọmọ ń wọ̀ tẹ̀lé ara wọn. Wọn a fi ìdérí dé e kí ó má baà tutù, ọ̀pọ̀ ilé a sì fi ìyókù fọṣọ. Àpótí, ọṣẹ, igbá omi: ṣebí ohun tí wọ́n fi wẹ̀ fún wa dàgbà ní ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, kànìnkànìn nìkan ló kù! Ẹni tí ó ń ho ọṣẹ sínú ọpọ́n, tí ó sì ń da gbogbo rẹ̀ nù fún ara kan ṣoṣo, Japan wo ni ó ń fara wé?

Àwọn àgbà ńkọ́? Ìjọba Japan fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí omi má kọjá ìwọ̀n 41, kí wọ́n má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ arúgbó ni ó ń kú síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá ta ni, ní ẹni ọdún 75, ni yóò gbé ẹsẹ̀ kọjá ògiri tí ó ga dé itan?

Bí ó bá jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ ń fẹ́, Ìkògòsì wà ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Wọn yóò rí ilé baba wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti mọ ọpọ́n mọ́lẹ̀, kí ó wá ìdérí sí i, kí ó sì máa fi omi rẹ̀ fọṣọ. Ẹni tí kò tíì rà á, táńkì ńlá kan àti irin ìdìmú lára ògiri baluwẹ̀ ìyá rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ rà.