«Ṣé Ẹ Fẹ́ Fi Mí Dán Oògùn Wò Ni?»

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti àmì ohùn tàbí ti ẹ̀ka-èdè. Ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ inú ìfun ńlá àti ti ìdí ni, pàápàá èyí tí ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, àti ọ̀rọ̀ ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ń ṣe láti mọ oògùn tí ó lè kápá rẹ̀. Mo gbé e wá síbí nítorí pé èdè ni ó dí wa lọ́nà jù nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ kan péré: jẹ̀díjẹ̀dí. Ní Ẹdẹ níbí, bí ẹnìkan bá yàgbẹ́ tí ó rí ẹ̀jẹ̀, orúkọ tí wọn yóò pè é nìyẹn. Wọn yóò ní ohun dídùn ni ó jẹ jù. Wọn yóò júwe alágbo fún un ní ọjà tàbí ní ibùdókọ̀. Òótọ́ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí wà. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìdí náà a máa mú ẹ̀jẹ̀ wá. Orúkọ kan ṣoṣo ni a wá fún àrùn méjì, èyí tí kì í sábà pani àti èyí tí ń pani. Nígbà tí ẹni náà yóò bá fi wọkọ̀ gba Sẹ̀kọ̀nà dé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àrùn lè ti rìn jìnnà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ó bí àkọlé yìí. Bí a bá sọ fún aláìsàn pé ìwádìí oògùn kan ń lọ lọ́wọ́, tí a sì bi í bí yóò bá wọn kópa, ìbéèrè tí ó sábà máa ń bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, «Ṣé ẹ fẹ́ fi mí dán oògùn wò ni?» Èmi kò bá ẹni tí ó bẹ̀rù jà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer fún ọmọ 100 ní oògùn tuntun tí wọ́n pè ní Trovan, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ni ó kú: 5 nínú àwọn tí ó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìwádìí ni. Pfizer ní àwọn gba ìyọ̀ǹda wọn ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹjọ́ náà falẹ̀ títí di ọdún 2009, kí ilé-iṣẹ́ náà tó bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn dọ́là mílíọ̀nù 75. Ẹ kíyè sí i: lára ohun tí ó gbóná jù nínú ìjà náà ni ìbéèrè pé kí ni a sọ fún ìyá ọmọ, ṣé ó sì yé e?

Síbẹ̀, èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń fi Kánò sọ pé kí ọmọ Yorùbá má ṣe bá ìwádìí kankan lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ oníwàádìí kan wà tí a ń pè ní African Research Group for Oncology, ARGO, tí ó fi Ilé-Ifẹ̀ ṣe ibùjókòó, tí ó sì ń bá ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 2021 ni a tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Communications. Wọ́n rí i pé irú jẹjẹrẹ ìfun kan, èyí tí agbára àtitún àṣìṣe inú DNA ṣe ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, jẹ́ ìdá 28.1 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn aláìsàn Nàìjíríà. Nínú àkójọ ńlá ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé e, ìdá 14.2 péré ni. Irú jẹjẹrẹ yìí gan-an ni oògùn pembrolizumab ń bá jà dáadáa. Ìwádìí tí aláìsàn 307 kópa nínú rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé oògùn náà dá àrùn tí ó ti tàn dúró fún oṣù 16.5 ní agbedeméjì, nígbà tí ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá dá a dúró fún oṣù 8.2.

Láàárín àwọn aláìsàn yòókù, ìyípadà lójú ọ̀nà RAS jẹ́ ìdá 76.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, ó sì jẹ́ ìdá 59.6 ní New York. Ọ̀pọ̀ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń sọ oògùn cetuximab di aláìwúlò lára aláìsàn. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé oògùn tí a dánwò lára ẹlòmíràn nìkan kò lè sọ gbogbo ohun tí yóò ṣe lára wa. Ẹni tí ó bá kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ wádìí oògùn láàárín wa kò dá ìdánwò dúró. Ńṣe ni a óò máa gba oògùn náà láìsí ìwádìí, láìsí ẹni tí ń kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, tí a ó sì tún fi owó ara wa rà á.

Àwọn mìíràn wà tí mo fẹ́ dá lóhùn. Wọ́n ní èdè Yorùbá kò lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kí a fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì lé aláìsàn lọ́wọ́, kí ó tẹ̀ka. Irọ́ ni. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́: «Ìyá wa, oògùn kan wà tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó dára ju èyí tí a ń lò lọ. Bí ṣíṣẹ́ kèké ni a ó ṣe pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì. Kì í ṣe èmi ni yóò yan ọ̀nà yín, kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Apá kan yóò gba ti tẹ́lẹ̀, apá kejì yóò gba tuntun. Ó lè ràn yín lọ́wọ́, ó sì lè má ràn yín lọ́wọ́. Ó lè mú èébì wá, ó lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ta yín. Bí ẹ bá kọ̀, a óò ṣì máa tọ́jú yín. Bí ẹ bá gbà lónìí, ẹ lè jáde lọ́la.» Èwo ni kò yé ìyá alágbàdo nínú rẹ̀?

Ilé-Ifẹ̀ yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1970. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, kí a lè fi èdè wa sọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ta ni ó ti jókòó ṣe irú rẹ̀ fún ìyọ̀ǹda aláìsàn? Òfin kò sì fojú pa á rẹ́. Abala 23 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ní kí olùtọ́jú, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, sọ̀rọ̀ fún aláìsàn ní èdè tí ó yé e, kí ó sì ro ti bí ó ṣe mọ̀wé sí. Ní Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ti fi ìlù dùndún sọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé gbọ́, ta ni yóò sọ pé kò ṣeé ṣe?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ wá orúkọ tí yóò ya jẹjẹrẹ ìdí sọ́tọ̀ kúrò lára jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ túmọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó túmọ̀ rẹ̀ padà, kí àṣìṣe lè hàn. Kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́ kí ó tó tẹ̀ka. Kí ó bèèrè pẹ̀lú pé, bí ìwádìí bá parí tí oògùn náà sì ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa sanwó rẹ̀? Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Níbi ìyọ̀ǹda aláìsàn, èmi takò wọ́n. Odindi ọ̀rọ̀ ni kí a sọ.