Ọ̀kẹ́ Kan
Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́: 20,000.

Mo fọ́ ọ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́ lórí ìwé lọ́sẹ̀ yìí. Èjì márùn-ún àti àrún mẹ́rin tí a sọ di púpọ̀ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, 30 nọ́ńbà ló lè pín in láìṣẹ́kù. Ẹ̀ta kò sí lára wọn. Ẹ wá wo olóògbé tó fi aya mẹ́ta, ọmọ mẹ́wàá àti ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀. Bí ẹbí bá pín in ní orí-ò-jorí, ẹgbàá géérégé ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, 6,666 ló kan ìdí kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì yóò sì ṣẹ́kù nílẹ̀ fún ìjà. (Ìjà ogún kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.)

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ogóje lọ́nà ogóje, kí a fi ogún lọ́nà ogún kún un, ọ̀kẹ́ náà ni.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bá gbọ́ “àádọ́ta ọ̀kẹ́” nínú ìròyìn rédíò, wọn a máa dúró de ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí mílíọ̀nù. Ẹ mú 20,000 lọ́nà 50, kí ẹ wò ó.