Nat King Cole Kọ́ Ló Ba Ohùn Wa Jẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Pobè àti Sakété, ẹ̀sùn kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi kan àwọn àgbà tí wọ́n fẹ́ràn àwo orin Nat King Cole. Wọ́n ní adúláwọ̀ tí ó ń kọrin òyìnbó ni, àti pé ẹni tí ó bá gbádùn rẹ̀ ti kọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń bo ẹ̀bi tiwa mọ́lẹ̀.

Ta ni à ń bá wí? Ní 1919 ni a bí i ní Montgomery, ní Alabama. Ní 1956, àwọn aláwọ̀ funfun kan gun orí ìtàgé bá a ní Birmingham, wọ́n kọlù ú níbi tí ó ti ń kọrin. Òótọ́ ni pé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà pàápàá bá a wí, nítorí pé ó kọrin fún àwùjọ tí a ti ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Ìbáwí yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti kọrin ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe bí ó ṣe ń kọ ọ́.

Bí ó ṣe ń kọ ọ́ gan-an ló fa àwọn àgbà mọ́ra. Kì í pariwo. A máa pe ọ̀rọ̀ kan já gaara kí ó tó mú òmíràn. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́fẹ̀ náà nìyẹn. Lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí ìbáwí tí ó fi orin ṣe kò bá yé ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn gbogbo èrò, asán ni. Etí tí Ẹ̀fẹ̀ ti kọ́ ni àwọn àgbà fi ń gbọ́ ọkùnrin yìí.

Ní 1958, ó gbé àwo *Cole Español* jáde. Kò gbọ́ èdè Sípéènì, síbẹ̀ ó kọ́ ọ̀rọ̀ orin náà, ó sì kọ ọ́. Àwọn onílé gbọ́ ohùn àjèjì lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó ka èdè wọn sí.

Àwa tí a ni èdè ńkọ́? Láti ìgbà tí a ti fi ohùn orin òyìnbó kọ orin ìjọ ni a ti ń pe ìlú ní ìlù. Lónìí, ọmọ wa ń kọ orin Yorùbá bí ẹni ń ka Faransé, àwa sì ń pàtẹ́wọ́. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún gbogbo ayé; ní 2008, ó wọ inú àkójọ ogún náà. Ogún àfẹnusọ ni wọ́n pè é. Bí ẹnu bá ti wọ́, kí ló kù nínú ogún?

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó àwo àgbà dànù. Ẹ gba ohùn àwọn ẹlẹ́fẹ̀ tí wọ́n ṣì wà láyé sílẹ̀. Kí ọmọ tó gun orí ìtàgé níbi ọdún wa, kí àgbà kan kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀, kí ó sì tún ohùn tí ó bá wọ́ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara, kí ọmọ náà padà lọ kọ́ ọ.