Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ka Ẹja Odò Wa

Ẹja kò tíì wọ́n lójú l'Ọ́jà'ba n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti Ìdí Arère yóò rí àrọ̀ tó ń jà nínú bàsíà omi, yóò rí títù àti ṣáwá tí yinyin ṣì wà lára wọn, yóò rí ẹja yíyan tí wọ́n ká, tí wọ́n fi igi gún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi rò pé kò sí ohun tó ṣe ẹja wa. Ṣùgbọ́n inú pọ́ńdì ni wọ́n ti sin èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àrọ̀ yẹn, ọkọ̀ òkun ló sì gbé títù wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹja tó ń bí sí i fúnra rẹ̀ nínú odò wa, tí ẹnikẹ́ni kò fún lóúnjẹ, òun ni mo ń bèèrè. Mélòó ló kù? Báwo ló ṣe gùn tó nígbà tí àwọ̀n gbé e? Ṣé ó ti yé ẹyin rí kí wọ́n tó pa á?

Ní Nọ́wè, níbi tí okporoko inú ẹ̀fọ́ wa ti ń wá, irú ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi odò wọn. Ẹja sámọ́nù tí wọ́n ń sìn nínú àwọ̀n lójú òkun níbẹ̀ ju mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń wo ọjà nìkan kò lè mọ̀ láéláé pé ti inú odò ń dín kù. Wọ́n mọ̀ nítorí pé wọ́n ń kà á. Inú odò ni wọ́n ti ń bí sámọ́nù, á lọ dàgbà lókun, á sì padà sínú odò tí wọ́n bí i sí láti wá yé ẹyin. Àsìkò ìpadàbọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń dúró dè é. Wọ́n ń fi kámẹ́rà sábẹ́ omi, àwọn òmùwẹ̀ ń bá odò lọ láti fi ojú ka ẹja, wọ́n sì ń yẹ ìpẹ́ rẹ̀ wò láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Odò kọ̀ọ̀kan ló ní iye ìyá ẹja tó gbọ́dọ̀ kù sínú rẹ̀ kí ìran má bàa parun. Nígbà tí iye tó padà lọ́dún 2024 kéré jọjọ, ìjọba ti odò 33 mọ́ àwọn apẹja lóṣù Kẹfà, láàárín àsìkò ìpẹja gan-an. Wọn kò dúró kí ẹja tán kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní Kàínjì, lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Ọya lọ́dún 1968, ẹja kọ́kọ́ pọ̀ yamùrá, ó sì já wálẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Láàárín 1993 sí 2001, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹja omi aládùn tó wà ní New Bussa àti àwọn ará Jámánì jọ ṣiṣẹ́ lórí adágún náà. Wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n ka àwọ̀n, wọ́n wọn ẹja ní èbúté, wọ́n sì gbógun ti àwọ̀n ńlá tí wọ́n ń wọ́ wá sétí omi, èyí tó ń kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá. Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ṣe é.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwa gan-an ni ọlọ́mọ níbí. Àwọn àgbà tó sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò fi ẹja odò sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tó o. Ẹ wo Òṣogbo, níbi tí oyè ọba fúnra rẹ̀ ti dá lórí ẹja tí Ọ̀ṣun rán jáde sí i. Nínú igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75 tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005, èèwọ̀ ni kí ènìyàn pẹja. Ẹja ibẹ̀ ń dàgbà títí yóò fi yé, ọmọ rẹ̀ sì ń bá odò lọ. Ibi ààbò ẹja tí àwọn onímọ̀ ń pariwo rẹ̀ lónìí, àwọn bàbá ńlá wa ti fi èèwọ̀ gbé e kalẹ̀.

Odò kan náà ló ń bọ̀ wá bá àwa ará Ìbàdàn. Ó ṣẹ̀ láti Ìgèdè-Èkìtì, ó gba Òṣogbo àti Ẹdẹ, ó dé Àṣejire tí wọ́n ti sé e láti 1972 kí a lè rí omi mu. Ògiri ìsémi yẹn kò jẹ́ kí ẹja ìsàlẹ̀ odò lè gòkè mọ́. Èyí tó wà lókè rẹ̀, ọwọ́ wa ló wà. Ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tún ń dà sínú rẹ̀. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùsìn Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ẹyin ẹja tí ẹrẹ̀ bá bò kì í pa. Èèwọ̀ lè dá apẹja dúró, kò lè dá ẹrẹ̀ dúró.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni lówó púpọ̀. Kí ẹnì kan jókòó sí èbúté Àṣejire, ẹnì kan sí ti adágún Ẹlẹ́yẹlé, lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n, rúlà àti ìwé. Kí wọ́n kọ irú ẹja tó wọlé, bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, irú àwọ̀n tó gbé e àti wákàtí tí àwọ̀n náà lò lómi. Bí apẹja kan náà bá ń dẹ irú àwọ̀n kan náà fún iye wákàtí kan náà, tí ohun tó ń gbé bọ̀ ń dín lọ́dọọdún, a jẹ́ pé ẹja inú omi ló ń dín. Bí òbòkún bá ń kúrú sí i, àwọn àgbà rẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ là ń jẹ. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹja tipẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ti ṣiṣẹ́ lórí omi méjèèjì yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń parí nígbà tó bá gba oyè, odò kò sì gba oyè rí. Ìjọba ló yẹ kó máa kà á lọ láìdáwọ́ dúró. Kí wọ́n sì fi ọkàn àwọn apẹja balẹ̀ pé kì í ṣe owó orí ni wọ́n wá gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni wọn yóò máa kọ sínú ìwé.

Tí a bá ti mọ iye, a ó mọ ìgbà tó yẹ ká sinmi. Òjò àkọ́kọ́ ni àrọ̀ máa ń bá wọ inú koríko etí omi láti lọ yé. Àwọn epìyà kan sì wà tí ẹnu ni wọ́n ń gbé ẹyin àti ọmọ wọn sí. Ẹni tó bá pa ọ̀kan nínú irú epìyà bẹ́ẹ̀ lásìkò yẹn ti pa agbo ilé kan. Mi ò ní kí wọ́n ti gbogbo omi, nítorí apẹja náà ní ìyàwó àti ọmọ. Kí wọ́n ti apá kan, kí iṣẹ́ máa lọ ní apá kejì. Ní ti Gàmálíìnì, oògùn kòkó tí àwọn aláìláàánú ń dà sómi kí ẹja lè léfòó, òfin ẹja inú odò ti 1992 ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tó bá ṣe é, kí ọlọ́pàá gbé e.

Ìtìjú wa wà nítòsí ilé. Láti omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àti òmíràn tó tún pa ènìyàn lóṣù Kẹjọ ọdún 2011, ẹ̀rù nìkan la fi ń wo odò Ògùnpa àti Kúdẹtì. Síbẹ̀ bí òjò bá ti ṣú, a ó gbé ìdọ̀tí jáde láti dà á sí gọ́tà, Kúdẹtì yóò sì gbé e lọ bá Ògùnpa, tí yóò gbé e fún odò Ọnà. Ẹja wo ni yóò gbé nínú ọ̀rá?

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja wa, ọwọ́ yín ni agbára wà. Ẹ má ra ọmọ ẹja odò tí kò tíì yé rí, ẹ má sì ra èyí tí májèlé pa, ẹni tó ń kó o wá yóò jáwọ́. Ẹ̀yin aṣòfin tó wà ní Sẹkitéríàtì, ẹ fi owó àwọn akọ̀wé èbúté méjì yìí sínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lẹ iye ẹja tí wọ́n bá kà mọ́ ògiri èbúté, níbi tí gbogbo wa yóò ti rí i.